"Bẹ́ẹ̀ Ni, Dókítà": Bí Oògùn Mẹ́ta Ṣe Dàbí Ẹni Pé Kò Ṣiṣẹ́

Ìyá kan tó jẹ́ ẹni ọdún 66, oníṣòwò èlùbọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ilé ìwòsàn ìjọba ìlú rẹ̀ ló ti ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Láàárín oṣù mẹ́rin, wọ́n gbé e láti orí oògùn kan dé orí mẹ́ta, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sì kúrò níbi tó wà. Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì pé àìsàn náà kò gbọ́ oògùn. Àfi ìgbà tí ìyá yìí ṣubú ní wọ́ọ̀dù, tí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, ni wọ́n tó mọ̀ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pé ọ̀rọ̀ ni kò dé ibi tó yẹ kó dé.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera tó bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí á yára sọ pé èdè ló fà á, torí dókítà ò gbọ́ Yorùbá, ìyá ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa, ìdáhùn tí wọ́n rí gbà tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kílíníìkì ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wáyé níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, aláìsàn 60 lè wá, dókítà méjì ló sì máa rí gbogbo wọn láàárín aago 9 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú 8 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ò tíì yọ àkókò tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sínú fáìlì kúrò. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Tábìlì méjì wà níwájú, bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró wà lẹ́yìn àga aláìsàn gan-an, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Fáànù òkè ń ké kíkankíkan. Ẹni tó bá jókòó síwájú dókítà gbọ́dọ̀ pariwo kí dókítà tó gbọ́ ọ, ohun tó bá sì pariwo sọ, gbogbo bẹ́ǹṣì iwájú ló gbọ́ ọ.

Dókítà tó ń rí ìyá yìí jẹ́ àgùnbánirọ̀, ọmọ Ígbò, kò tíì pé ọdún 30. Ó mọ "ẹ káàárọ̀ mà" àti "ṣé ara le?", ibẹ̀ náà ni Yorùbá rẹ̀ parí sí. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní sùúrù. Ìyá náà ò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi kóńgò èlùbọ́ tàbí owó rẹ́ ẹ jẹ. Ó pọn dandan kí a sọ èyí, torí àwọn kan máa ń rò pé ẹni tí kò mọ̀wé kò lè ṣírò oògùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 182/108. Wọ́n kọ amlodipine 5 mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún un, hóró kan láràárọ̀. Apòògùn kọ "lẹ́yìn oúnjẹ" sára náílọ̀n oògùn náà bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sára ohun gbogbo, ó sì fi ẹnu sọ ọ́ pẹ̀lú. Ká sòótọ́, amlodipine ò bìkítà fún oúnjẹ, ẹ lè lò ó lórí òfìfo inú. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n sọ fún un pé kó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìfẹnu kan nǹkan kan, kí wọ́n lè yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ fi gbólóhùn méjì yẹn sọ́kàn: "lẹ́yìn oúnjẹ" àti "ẹ má jẹun wá". Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ibi tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn parí sí.

Ògbufọ̀ mẹ́ta

Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 14, ló mú un wá nígbà méjì àkọ́kọ́. Dókítà bèèrè nǹkan márùn-ún tẹ̀léra: ṣé orí ń fọ́ ọ, ṣé ojú rẹ̀ ń ṣú, ṣé àyà ń dùn ún, ṣé ó máa ń jí tọ̀ lóru, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Ọmọ náà rò ó díẹ̀, ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀ àgbà.

"Ìyá àgbà, wọ́n ní ṣé ara yín le?"

"Ara le, ọmọ mi. Dókítà, ẹ ṣé o."

Ọmọ náà sọ fún dókítà pé kò sí wàhálà kankan. Ìbéèrè márùn-ún ló lọ, ẹyọ kan ló dé. A ò lè bá ọmọ náà wí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ò ní bi ìyá rẹ̀ àgbà bóyá ó ń jí tọ̀ lóru, níwájú èrò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé tó gbọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ ní ilé ìwòsàn. Ohun tó mọ̀ ọ́n sọ ló sọ. Lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n wá, ìfúnpá jẹ́ 176/104. Dókítà gbé amlodipine lọ sí 10 mg.

Lóṣù kẹta, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Ìbàdàn ló tẹ̀ lé e wá. Ọkùnrin yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń dá dókítà lóhùn. "Ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn?" "Wọ́n ń lò ó, èmi ni mo ń rà á." Dókítà gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyá jókòó sáàárín wọn, ó ń mi orí. Owó tí ọmọ yẹn ń ná sórí oògùn gan-an ni kò jẹ́ kí ìyá lè sọ níwájú rẹ̀ pé oògùn ṣẹ́ kù nílé. Ìfúnpá jẹ́ 178/106. Wọ́n fi hydrochlorothiazide 25 mg kún un, ìyẹn oògùn tó ń mú kí kíndìnrín tú omi àti iyọ̀ jáde, tó sì máa ń múni tọ̀ léraléra láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí a bá lò ó.

Lóṣù kẹrin, ìyá dá wá. Dókítà bẹ obìnrin kan tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe pé kó bá òun túmọ̀. Obìnrin yìí gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún mọ àwọn aláìsàn. Lọ́jọ́ yìí ni dókítà bèèrè ìbéèrè tó bọ́ sójú ọ̀nà jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ oògùn tó fi kún un, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ̀ ń dá ìyá lẹ́kun iṣẹ́. Obìnrin náà gbé ohùn sókè kó lè borí ariwo fáànù:

"Màmá! Dókítà ní ṣé ìtọ̀ ń yọ yín lẹ́nu? Ṣé ẹ ń tọ̀ sára ni?"

Àwọn ọkùnrin méjì lórí bẹ́ǹṣì iwájú yíjú wò.

"Rárá o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí i. Ara mi le koko."

Dókítà ò sọ̀rọ̀ ìtọ̀ sára rárá. Ògbufọ̀ ló fi ìyẹn kún un, pẹ̀lú èrò rere, kí ìbéèrè lè yé ìyá. "Rárá" tó tẹ̀lé e, ẹ̀gàn ló ń kọ̀. Nínú fáìlì, ó di pé aláìsàn sọ pé oògùn kò yọ òun lẹ́nu. Ìfúnpá jẹ́ 172/104. Dókítà fi lisinopril 10 mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kún un, ó di oògùn mẹ́ta.

Bí a bá ní ká tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà ti yà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni. Ìbéèrè dára, ẹni tó bèèrè ò burú, èdè dọ́gba, ìdáhùn sì jẹ́ irọ́ tí ẹnikẹ́ni nípò ìyá yẹn máa pa. Àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni nípa ìbánisọ̀rọ̀ máa ń to ìdènà sílẹ̀ bí ẹrù lọ́jà: èdè, ariwo, ọjọ́ orí, àṣà, ipò. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń lo àwòrán tí Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, yà ní 1948, níbi tí iṣẹ́ tí a rán ti ń gba ojú ọ̀nà kan kọjá, tí ariwo sì lè bà á jẹ́. Shannon ò ṣẹ̀, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ló ń rò. Nínú gbọ̀ngàn yìí, iṣẹ́ náà dé etí ìyá ní kedere. Ẹ̀rù ẹni tó tún gbọ́ ọ ló yí ìdáhùn padà.

Ìṣubú ní wọ́ọ̀dù

Nígbà tó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, orí ń fọ́ ọ gan-an, ojú rẹ̀ ń ṣú, ìfúnpá sì jẹ́ 204/118. Wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Láago 8 àárọ̀ ojoojúmọ́, nọ́ọ̀sì á gbé oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un pẹ̀lú ife omi, á sì dúró tì í títí á fi gbé wọn mì. Oúnjẹ wọ́ọ̀dù náà ò níyọ̀ tó ti ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti lọ tọ̀, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Ìgúnpá rẹ̀ bó, egungun ò ṣẹ́. Ìfúnpá rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n jẹ́ 98/60.

Wọ́n dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá àkóràn wọlé, wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà níbì kan, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà ṣì ń wá àìsàn tuntun tó fà á nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà, obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún, bi í ní ìbéèrè kan: ṣé oògùn tó ní kò ṣiṣẹ́ láti oṣù mẹ́rin wá náà ló mú ìfúnpá já lulẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta yìí? Bí ó bá jẹ́ òun ni, ohun kan ṣoṣo ló yí padà: ní wọ́ọ̀dù, ẹnìkan ń rí i pé ó lò ó.

Ohun tí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ máa rántí nìyí. Bí ìfúnpá bá kọ̀ láti wálẹ̀ nílé, tó sì já wálẹ̀ kíákíá ní wọ́ọ̀dù lórí oògùn kan náà, bí a ṣe ń lo oògùn nílé ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó wá àìsàn mìíràn. Kò náni lówó àyẹ̀wò kankan.

Òǹkà inú náílọ̀n

Nọ́ọ̀sì ní kí ọmọkùnrin ìyá bá òun kó gbogbo oògùn tó wà nílé wá nínú náílọ̀n, láìyọ ọ̀kankan. Nígbà tí ọmọ náà ti lọ, tí wọ́ọ̀dù pa rọ́rọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó fa aṣọ ìkélé yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì, kò dúró lé e lórí. Kò fi oògùn bẹ̀rẹ̀. Ó kí i kú ìnira, ó bèèrè ọjà. Èlùbọ́ wọ́n báyìí àbí ó ti já wálẹ̀? Ọjà wo ni ìyá ń ná? Ìyá sọ pé ọjà méjì ni, ọjà ọrọọrún ni méjèèjì, ọjọ́ kan ló wà láàárín wọn. Bó bá lọ sí ọ̀kan lónìí, yóò sinmi lọ́la, yóò lọ sí ìkejì ní ọ̀túnla.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n jọ da oògùn sórí aṣọ ibùsùn, wọ́n kà á. Hóró 28 ni ilé oògùn kó fún un nínú oògùn kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn, ọjọ́ 28 ló sì ti kọjá kí ó tó wọ wọ́ọ̀dù. Amlodipine ṣẹ́ ku 15. Lisinopril ṣẹ́ ku 15. Hydrochlorothiazide, hóró funfun kékeré yẹn, ṣẹ́ ku 19.

Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa ọjà rí i lójú ẹsẹ̀. Nínú ọjọ́ 28, ẹni tó ń lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, tó ń sinmi lọ́jọ́ kejì, á jáde nígbà 14. Ku ọ̀kan.

"Ìyá, lọ́jọ́ ọjà, ìgbà wo lẹ máa ń lo oògùn?"

Ìyá dákẹ́ díẹ̀. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò ní sọ fún ọmọ mi?"

"N ò ní sọ fún un, mà. Dókítà nìkan ni mo máa sọ fún, torí òun ló ń kọ oògùn."

"Ẹ ẹ̀ rí i, aago 5 ìdájí ni ọkọ̀ wa máa ń gbéra. Mi ò kì í jẹun nígbà yẹn. Ẹ sì ní lẹ́yìn oúnjẹ ni."

"Èyí funfun yìí wá ńkọ́?"

"Ìyẹn! Bí mo bá lò ó, kí á tó dé ọjà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ní kí ọkọ̀ dúró. Dírẹ́bà á máa kùn. Bí a bá wá débẹ̀, ibo la ti fẹ́ tọ̀? Ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn alápatà ni, ọkùnrin ló kún ibẹ̀. Mo kúkú máa ń fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsìn náà, àti lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá ń ṣe ìpàdé."

Ku hóró kan ṣoṣo tí òǹkà ò tíì bá. Nọ́ọ̀sì bèèrè àárọ̀ ọjọ́ kílíníìkì.

"Ọjọ́ yẹn kẹ̀? Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má jẹun wá."

Láti ọjọ́ àyẹ̀wò ṣúgà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìyá bá wá sí kílíníìkì ló ń wá pẹ̀lú inú òfìfo. Kò jẹun, torí náà kò lo oògùn, ó sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí di ọ̀sán. Ìfúnpá ọjọ́ tí kò lo oògùn rárá ni dókítà ń wọ̀n lóṣooṣù, tó sì ń tìtorí rẹ̀ fi oògùn kún oògùn.

Kò sí irọ́ kankan nínú "bẹ́ẹ̀ ni" tí ìyá ń sọ bí wọ́n bá bi í pé "ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Ó ń lò ó lóòótọ́, lọ́jọ́ tó bá wà nílé. Ìbéèrè tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀, tí ọ̀dọ́ dókítà bi àgbàlagbà, ìkíni lásán ni. Ẹ bèèrè pé "àná, ìgbà wo lẹ lo èyí?" tàbí "ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fo ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ wo ló máa ń ṣòro fún yín jù?" Ìkejì yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ó ti dárí ji ẹni náà kó tó jẹ́wọ́.

Ètò tuntun

Inú dókítà kọ́kọ́ bàjẹ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún un. Ó ní òun béèrè ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn, ó sì fi hàn án nínú fáìlì. Nọ́ọ̀sì ní kó rántí ibi tó ti béèrè rẹ̀. Wọ́n jọ tún ètò náà ṣe. (Ìwọ̀n oògùn tó wà níhìn-ín, ti ìyá yìí ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e lé ara rẹ̀.) Wọ́n yọ lisinopril kúrò. Amlodipine di 5 mg, alẹ́ ni yóò máa lò ó kó tó sùn, lọ́jọ́ gbogbo, yálà ó jẹun tàbí kò jẹun. Hydrochlorothiazide di ìlàjì hóró, 12.5 mg: àárọ̀ lọ́jọ́ tó bá wà nílé, nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ ọjà tó bá ti délé. Wọn ò gbé e dé alẹ́ kó má bàa máa jí i lójú oorun. Ilé oògùn ló bá a gé hóró náà sí méjì kó tó lọ, torí ẹni tó bá ń fi eyín gé e kò lè rí ìlàjì tó dọ́gba. Nọ́ọ̀sì ya oòrùn sára náílọ̀n kan, ó ya òṣùpá sára ìkejì.

Ó kù kí wọ́n mọ̀ bóyá ó yé e. Èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń ṣe láìfarabalẹ̀. Wọ́n á ní "ṣó yé yín?", àgbàlagbà á ní "ó yé mi." Tí ẹ bá sì ní kó tún un sọ fún yín bí ọmọ ilé ìwé, ẹ ti fi àbùkù kàn án. Nọ́ọ̀sì yìí gba ọ̀nà mìíràn:

"Ìyá, ọ̀rọ̀ tèmi máa ń pọ̀ jù, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Bí ìyàwó ọmọ yín bá bi yín nílé pé báwo ni wọ́n ní kí ẹ máa lò ó, kí lẹ máa sọ fún un?"

Ìyá sọ ọ́, ó sì tọ̀nà. Oòrùn, òṣùpá, ọjọ́ ọjà, ìlàjì. Ó wá fi gbólóhùn kan kún un tí kò sẹ́ni tó bi í: "Bí mo bá sì gbàgbé lọ́jọ́ kan, màá lo méjì lọ́jọ́ kejì kí n fi san gbèsè."

Bí wọ́n bá ti fi "ó yé mi" sílẹ̀ ni, ìyẹn ì bá lọ sílé pẹ̀lú rẹ̀. Fún ẹni tó ń tajà, gbèsè là ń san. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé oògùn ò ní gbèsè, èyí tó bá kọjá ti kọjá, pé méjì lẹ́ẹ̀kan ló gbé e ṣubú ní wọ́ọ̀dù tán tó tún fẹ́ lọ ṣe nílé. Ìyẹn ò bá ti wọ́ọ̀dù mu pátápátá, ṣùgbọ́n ó yé ìyá. Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tọ́.

Gbogbo ìjókòó yẹn, láti orí ìkíni dé orí ìtúnsọ, gbà tó ìdajì wákàtí. Kò sí bí a ṣe lè ṣe èyí fún aláìsàn 60 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó bá ní ó ṣeé ṣe kò tíì jókòó sí kílíníìkì ìjọba rí. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí a yan àwọn tí a máa ṣe é fún: ẹnikẹ́ni tí a bá fẹ́ fi oògùn kẹta kún tirẹ̀. Kí ó tó kan oògùn kẹta, kó kọ́kọ́ kan òǹkà.

Ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà

Nígbà tó wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti lo oògùn láàárọ̀ ọjọ́ kílíníìkì, ó sì ti mu ẹ̀kọ. Ìfúnpá jẹ́ 152/94. Oṣù tó tẹ̀lé e, 144/88.

Ní oṣù kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Amlodipine lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bó bá pọ̀, ṣùgbọ́n 5 mg péré ni wọ́n fún un. Nígbà tí wọ́n da náílọ̀n rẹ̀ síta, hóró méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ ló wà nínú èyí tó ní òṣùpá. Ilé oògùn ti yí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń ra amlodipine lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Ìyá rí àwọ̀ tuntun, ó gbà pé oògùn mìíràn ni wọ́n fi kún un, ó sì ń lo tuntun mọ́ èyí tó ṣẹ́ kù látẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún un, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, apòògùn á gbé ti àtijọ́ àti tuntun sí àtẹ́lẹwọ́ kan náà, á ní "ọ̀kan náà ni, ẹni tó ṣe é ló yàtọ̀", á sì gba èyí tó ṣẹ́ kù. Wíwú ẹsẹ̀ náà lọ. Ìfúnpá ìgbà tó wá lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ 136/84, pẹ̀lú oògùn méjì, ìwọ̀n kékeré.

Ilé ìwòsàn náà gbé tábìlì kan kúrò nínú gbọ̀ngàn lọ sí yàrá kékeré tí wọ́n ń kó káàdì sí tẹ́lẹ̀, tó ní ilẹ̀kùn. Wọ́n sì fi òfin dè é pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ túmọ̀ ju orúkọ àti àdírẹ́sì lọ. Ẹbí tó dàgbà lè jókòó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó má bàa jẹ́ pé òun ni aláìsàn ń sá fún. Ẹni tó bá máa túmọ̀, wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ohun mẹ́ta fún un: sọ gbogbo rẹ̀, má fi kún un, má gbé ohùn sókè. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, ní ìpín 23, ti sọ pé kí a ṣàlàyé fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí a sì wo bí ó ṣe mọ̀wé tó. Òfin náà ò dárúkọ ilẹ̀kùn àti bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n láìsí wọn, ìpín yẹn ò lè ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn bíi ti ibẹ̀.

Àyípadà tó kéré jù, tó sì ṣeé fara wé níbi gbogbo, inú fáìlì ló wà. Tẹ́lẹ̀, "Aláìsàn sọ pé rárá" ni wọ́n ń kọ. Báyìí, wọ́n ń kọ ẹni tó túmọ̀, ẹni tó wà níbẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti béèrè sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn. Nígbà tí àgùnbánirọ̀ náà parí ìsìn rẹ̀, dókítà tó gba ipò rẹ̀ ṣí fáìlì ìyá, ó rí i níwájú pé: "Ọjà lọ́jọ́ kan, ilé lọ́jọ́ kejì. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ ìtọ̀ nínú yàrá, kí obìnrin túmọ̀, kí ọmọ rẹ̀ wà níta. Ẹ ka oògùn."